Akunlé àti Ògiri Àtijọ́

Muhammadu Bello ló tẹ Sókótó dó ní 1809. Ilé alámọ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ká ní onílé kan pe akunlé pé kí ó fi ọ̀dà olóròóró kun irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó lè máa dán lọ́jọ́ Iléyá. Akunlé mọ̀ pé omi òjò tí amọ̀ fà mu kò ní rí ọ̀nà jáde, pé ọ̀dà yóò bó, ògiri yóò sì rọ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó gbowó kí ó dákẹ́? Àwọn kan ní ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a yá. Èmi kò gbà: àìmọ̀ onílé ló mú un wá onímọ̀. Lóòótọ́, ebi ń bẹ nílé akunlé, onílé sì lè pe ẹlòmíràn. Síbẹ̀, kí ó sọ ọ́ kí ó tó ṣí agolo.