Ohun Tí A Fi Sí Ìkáwọ́ Ẹni

Àwọn àgbà wa kò fẹ́ràn kíka. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹni tó bá sì ń wádìí iye tó wà lápò ẹlòmíràn, wọn a máa fura sí i. Síbẹ̀ àwọn àgbà kan náà kò ní gbà fún alájọ tó bá ní òun kò mọ iye tí òun ti gbà lọ́wọ́ ìyá aláta. A kò rí ìtakora nínú méjèèjì. Ohun tó jẹ́ tèmi, mo lè fi í sílẹ̀ láìkà. Èyí tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n kàn fi sí ìkáwọ́ ẹnì kan, kíka rẹ̀ wà lára ohun tí ẹni náà jẹ wọ́n. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ fi wo ọ̀ràn kan tó jọ iṣẹ́ akọ̀wé lásán: bí iléeṣẹ́ ìjọba ńlá ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń lò.

Ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe àga tí a lè fojú kà. Ẹni tó sanwó rẹ̀ kò tilẹ̀ ní in. Àṣẹ ìlò ni ó rà, fún iye ènìyàn tàbí iye ẹ̀rọ kan. Bí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, àṣẹ tí a gbà ní orúkọ rẹ̀ lè máa jẹ owó lọ lọ́dọọdún láìsí ẹni tó ń lò ó. Bí ẹ̀ka kan bá sì lò ju iye tó san fún, ẹni tó ta á lè wá ṣe àyẹ̀wò, kí ó sì béèrè owó ìtanràn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ọ́fíìsì olùyẹ̀wò àgbà ní NASA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìrìnàjò òfuurufú fún ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ìtọ́jú àwọn ètò kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ṣì wà ní ipele tó relẹ̀ jù lọ. Ó ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 dọ́là ni kò bá má ti ṣòfò: mílíọ̀nù 20 bá ìtanràn àti àsanjù lọ, mílíọ̀nù 15 sì bá àwọn àṣẹ ìlò Oracle tí ẹnikẹ́ni kò lò lọ.

Ohun tó mú wọn ra èyí tí wọn kò lò ni ó gbà wá lọ́kàn jù. Kì í ṣe ojúkòkòrò, ẹ̀rù ni. Nítorí pé iléeṣẹ́ náà kò ní àkọsílẹ̀ tó lè fi dá ara rẹ̀ láre bí olùtajà bá dé, ó rò pé ó sàn kí òun rà kọjá ohun tí òun nílò. Iléeṣẹ́ tó rán ènìyàn lọ sínú òṣùpá, tó sì mọ ibi tí ọkọ̀ Voyager rẹ̀ wà nínú òkùnkùn tó jìnnà réré, kò mọ ohun tó wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́ rẹ̀! Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín. Ní tiwa, a rò pé ohun kan ló fà á: ọkọ̀ Voyager ní àwọn tí a fi iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́, tí a lè pè ní orúkọ bí ó bá sọnù. Àwọn àṣẹ ìlò náà kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

NASA nìkan kọ́. Lọ́dún 2014, GAO, ọ́fíìsì tó ń yẹ iṣẹ́ ìjọba wò fún àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, wo iléeṣẹ́ ìjọba ńlá 24. Méjì péré ni ó ní àkọsílẹ̀ tó pé. Ní oṣù keje ọdún 2016, òfin tí wọ́n ń pè ní MEGABYTE Act pàṣẹ pé kí àkọsílẹ̀ náà kárí, ó kéré tán, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ná lórí àṣẹ ìlò. Ìròyìn ti NASA sì jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ ni kí ó kà á. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ lè yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà wò lóru ọjọ́ kan, kí ó sì sọ ohun tó wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ohun tí ìwé àdéhùn sọ pé a rà, méjèèjì sì yàtọ̀ sí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò ní tòótọ́. Ènìyàn ni yóò fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, tí yóò sì ní ìgboyà láti sọ fún ọ̀gá kan pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ohun tí ẹ ń sanwó fún yìí, ẹ kò lò ó.”

Níbí ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti padà wá bá wa. Ẹ̀rọ tó mọ ètò tí a kò lò ti mọ ẹni tó lò ó, ọjọ́ tó lò ó, àti bó ṣe pẹ́ tó nídìí rẹ̀. Ọ̀gá tó ní ohun ìjọba ni òun ń kà lè máa ka òṣìṣẹ́ láì wí fún un. A gbà pé iye ìlò ni ó tọ́ sí ọ̀gá, kì í ṣe orúkọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, tí wọn yóò jókòó sí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ lọ́la, yóò rí i pé ààlà náà tẹ́ẹ́rẹ́.

Òfin ọdún 2016 náà ní ihò kan: owó ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, a rí àbùkù ńlá nínú Log4j, ètò kékeré kan tí a ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn olùkọ̀wé ètò ti fi sínú àìmọye iṣẹ́ tiwọn. Kò ní rìsíìtì, nítorí náà kò sí nínú ìwé ẹni tó ń ka owó. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri ilé ara wọn bí ẹni ń wá ejò nínú òrùlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, CISA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà ìjọba, pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe ti ológun máa fi ẹ̀rọ wá gbogbo ohun tó so mọ́ ìsopọ̀ wọn ní ọjọ́ méje-méje, ìbáà ṣe èyí tí a rà tàbí èyí tí a kò rà. Èyí tó bá fara pamọ́ sínú ètò mìíràn ṣì lè bọ́ lójú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ètò náà ni ó mọ ohun tó fi sínú rẹ̀, kí a sì bi í kí a tó sanwó.