Oore Tí Ń Tú Àṣírí

Àṣà kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ ní Èkó, Ìbàdàn àti àwọn ìlú ńlá mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, èyí tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó fẹ́ ta aláìní lọ́rẹ kì í dá lọ bá a, àfi kí ó mú ẹnì kejì dání tí yóò máa fi fóònù ya fídíò gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀. Orí TikTok, Facebook tàbí YouTube ni wọn yóò gbé fídíò náà sí, kí àwọn òǹwòran lè máa yìn wọ́n, bí òǹwòran bá sì pọ̀ tó, YouTube lè pín wọn nínú owó ìpolówó ọjà. Oore kọ́ nìyẹn, owó tí ó jáde níbẹ̀ ìbáà tó ra odidi àpò ìrẹsì.

Ìtẹríba, òtítọ́, akínkanjú àti inú rere wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, onímọ̀ Ifá, Wándé Abímbọ́lá, sì kọ̀wé ní ọdún 1975 lórí ipò tí ìwà pẹ̀lẹ́ wà nínú ẹsẹ Ifá. Èyí tí àwọn oníkámẹ́rà wọ̀nyí kò ní ni àṣírí bíbò, ìyẹn ni kí ènìyàn rí àìní ọmọnìkejì rẹ̀, kí ó sì bá a gbé e láìjẹ́ kí aráyé gbọ́. Kò sí ibi tí a ti ń ṣàdúrà tí a kì í ti í bẹ Ọlọ́run pé kí ó bò wá láṣìírí, nítorí Yorùbá mọ̀ pé ohun tí ó ń dun àgbàlagbà tí kò rí oúnjẹ jẹ ju ebi lọ: ó ń bẹ̀rù kí àna rẹ̀ má gbọ́, kí orogún má gbọ́, kí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi má sì di ẹni ẹ̀gàn láàrin ẹgbẹ́.

Inú ọjà ni irú oore kékeré tí ń bo àṣírí bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù. Ènì, ìyẹn ìwọ̀nba tí oníṣòwò máa ń bù lé ọjà lẹ́yìn tí ó bá ti wọn iye tí a san owó rẹ̀, lè má ju ẹ̀kúnwọ́ gàárì kan lọ, ṣùgbọ́n ìyá onígàárì tí ó bá fura pé ọwọ́ oníbàárà òun kò dẹ a máa bu ènì náà ní àbùtúnbù, a sì máa bá a ṣàwàdà bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Ẹni tí ó tajà láwìn fún un náà, bí ó bá jẹ́ ẹni iyì, yóò dúró kí èrò tú ká kí ó tó béèrè owó rẹ̀ (òótọ́ ni pé aláriwo kò wọ́n láàrin wọn). Bẹ́ẹ̀ ni amù, ìyẹn ìkòkò omi ńlá tí àwọn baba wa ń gbé síwájú ilé fún èrò ọ̀nà, kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Yorùbá ní bí a bá ṣoore, a kì í lóṣòó tì í. Àwọn ti òde òní lóṣòó tì í, wọ́n tún tan iná kámẹ́rà sí i.

Èyí tí ó burú jù nínú àwọn fídíò náà ni ìkúnlẹ̀. Ìyá arúgbó tí ń ta ata wẹ́wẹ́ lẹ́bàá títì yóò gba owó, omijé yóò bọ́ lójú rẹ̀, yóò sì kúnlẹ̀ lórí eruku níwájú ọmọdékùnrin tí ó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ náà yóò sì dúró ṣánṣán kí fóònù lè rí i dáadáa. Nílẹ̀ tí a ti ń kọ́ ọmọ láti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ pè, èwo ni ti kí àgbà máa kúnlẹ̀ fún ọmọ nítorí owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan? Ọmọ tí a kọ́ tí ó gbọ́ yóò ti sáré dì í mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. Wọ́n ní ìyá fọwọ́ sí i kí àwọn tó ya fídíò, àmọ́ ta ni yóò sọ pé òun kò fẹ́ nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ń béèrè? Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 láti dáàbò bo ìsọfúnni ẹni pàápàá kò ka ohun kan sí ìyọ̀ǹda àyàfi bí ó bá ti ọkàn olúwa rẹ̀ wá.

Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníkámẹ́rà náà, wọn kò sì ṣaláì mọ̀ pé Mátíù orí 6 bá àwọn tí ń fun fèrè ṣáájú ìtọrẹ àánú wí, tàbí pé ẹsẹ 264 nínú Súrà Bákárà kìlọ̀ fún ẹni tí ń fi ìrègún àti ìpalára ba sàráà rẹ̀ jẹ́.

Wọ́n ní bí àwọn kò bá ya fídíò, àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà kò ní í fi owó ránṣẹ́ mọ́, ẹsẹ 271 nínú Súrà kan náà kò sì dá ìtọrẹ gbangba lẹ́bi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbé ti ìkọ̀kọ̀ ga jù ú lọ. A kò lè jiyàn pé aláìsàn ti rí owó ìtọ́jú gbà lọ́nà yìí. Síbẹ̀ àwíjàre náà kù díẹ̀ káàtó, nítorí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ lè rí rìsíìtì ilé ìwòsàn, ó lè rí oògùn tí a rà àti àpò ìrẹsì tí a gbé sílẹ̀, ó sì lè gbọ́ ohùn ìdúpẹ́ láìrí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Kò tíì sí ẹnì kan nínú àwọn oníkámẹ́rà tí ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń fi ojú ìyá aláta ṣe.