Ẹni tí Ebi Ń Pa àti Ìwádìí Ojú Ọ̀run

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí orílẹ̀-èdè tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ máa náwó sí ìwádìí oòrùn àti ìràwọ̀? Bí a bá gbé ìbéèrè yìí dé Ọjà Ojúwòyè ní Muṣin, èsì ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní ṣòroó mọ̀. Ẹni tí iná kò tàn ní ìsọ̀ rẹ̀, tí gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ sì kún, yóò ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Owó alátà àti owó mẹkáníìkì Ládípọ̀ wà nínú owó ìjọba. Ẹni tí ó ni owó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí a fi ṣe.

Síbẹ̀, àwọn baba ńlá wa kò dúró de ìgbà tí ebi tán kí wọ́n tó gbójú sókè. Wọ́n ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Òwe yìí kọ́ni pé ohun tí ojú rí lè yàtọ̀ sí ohun tí ó jẹ́. Ìyàtọ̀ yìí náà ni Galileo ń wá nígbà tí ó ya àwòrán àwọn àbàwọ́n ojú oòrùn ní 1612. Òun kan náà ni a fi rán sátẹ́láìtì OSO-1 lọ ní 1962, àti SOHO ní 1995. Ní 24 oṣù Kejìlá 2024, Parker Solar Probe súnmọ́ oòrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó ku mílíọ̀nù 6.1 kìlómítà péré.

Kí ni èyí kan ará Muṣin? Ní oṣù Kẹta 1989, ìjì tí ó ti inú oòrùn wá pa iná ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà fún wákàtí 9. Ilẹ̀ Nàìjíríà náà ti ní ìpín nínú ọ̀ràn yìí. A ta NigeriaSat-1 sí òfurufú láti Rọ́ṣíà ní oṣù Kẹsàn-án 2003, a sì ta NigComSat-1 láti Ṣáínà ní 2007. Ní oṣù Kọkànlá 2008, àwo tí NigComSat-1 fi ń gba agbára oòrùn bàjẹ́, ó sì dákẹ́. Àìríná ni ó pa òun pàápàá. A fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2011.

Alátakò lè fi èyí ṣe ẹ̀rí ìfowóṣòfò. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ pẹ̀lú ní owó tirẹ̀, tálákà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ san án. Nígbà tí òṣùpá dí ojú oòrùn ní 29 oṣù Kẹta 2006, ọmọ tí a ti kọ́ mọ̀ pé kò yẹ kí òun fi ojú lásán wò ó. Ọmọ tí a kò kọ́ fi ojú rẹ̀ wewu.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí á yan ọ̀kan nínú oúnjẹ àti ìmọ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun tí ìwà rere bèèrè ni pé kí ẹni tí ó náwó ará ìlú jíhìn rẹ̀, kí ìmọ̀ tí a fi owó náà rà sì padà dé kíláàsì àwọn ọmọ ẹni tí ó san án. Ìwádìí tí ó bá kọ èyí di afẹ́. Èyí tí ó bá ṣe é di ogún.