Àkísà, Àbùlẹ̀ àti Odidi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nínú òwe yìí, àkísà kì í ṣe àmì òṣì. Ẹ̀rí ọjọ́ pípẹ́ ni. Síbẹ̀, Yorùbá kan náà a máa fi alákìísà bú ènìyàn. Ìbéèrè tí ó jẹ yọ ni pé: ǹjẹ́ ohun tí a fi àjákù rán pọ̀ lè jẹ́ odidi, àbí ìtìjú lásán ni a rán bò?

Wagadúgù, olú-ìlú Burkina Faso, ní èsì kan. Ní ìlànà àtijọ́, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ahunṣọ ibẹ̀ ń hun, tí wọn a sì rán ọ̀já mọ́ ọ̀já, bí ti aṣọ òkè Ìsẹ́yìn. Faso dan fani ni orúkọ aṣọ náà. Orúkọ orílẹ̀-èdè wọn pàápàá jẹ́ aṣọ alábala. Ní ọjọ́ 4, oṣù Ẹ̀kẹjọ, 1984, ni wọ́n sọ ọ́ di Burkina Faso. Burkina ti inú èdè Mòóré wá, ó tọ́ka sí ọmọlúwàbí. Faso ti inú èdè Jùlá wá, ilé bàbá ni. -Bè tí ó parí Burkinabè, orúkọ àwọn ọmọ ibẹ̀, jẹ́ ti èdè Fúlàní. Èdè mẹ́ta ni, ọ̀kan kò sì gbé èkejì mì.

Ṣùgbọ́n ìránpọ̀ lè jẹ́ túláàsì. Thomas Sankara, tí ó ṣe ìjọba láti 1983, pa á láṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ Faso dan fani. Àwọn kan ká a sínú àpò, wọ́n ń wọ̀ ọ́ kìkì nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀gá ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n pa Sankara ní 1987, àṣẹ náà bá a lọ. Aṣọ náà kò bá a lọ. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò yé wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kú Egúngún mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i. Ní 2019, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn ní New York ṣe àfihàn ẹ̀kú kan tí a rán ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀rúndún ogún. Ó lé ní 300 aṣọ tí ó wà lára rẹ̀, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Nínú agboolé, aṣọ tuntun ni a fi ń bọlá fún ẹ̀kú. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹni tí ó bá lẹ nǹkan mọ́ ọn ti bà á jẹ́. Lóòótọ́, ikán kò lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ nìkan ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pa mọ́. Àbùlẹ̀ ni ó ń pa àjọṣe òkú àti alààyè mọ́.

Èdè náà ńkọ́? Ọmọ Yorùbá tí a bí ní Wagadúgù a máa lẹ Faransé àti Mòóré mọ́ èdè ìyá rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi í ṣẹ̀sín, kì í ṣe àbùlẹ̀ ni ọmọ náà yóò bọ́ sílẹ̀. Aṣọ gan-an ni. Àmọ́ àbùlẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Bí aṣọ ìpìlẹ̀ bá gbó tán, kí ni a ó lẹ nǹkan mọ́? Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe títú abala ká, bí kò ṣe kí ó mú ìpìlẹ̀ lágbára tó láti gba okùn. Àbùlẹ̀ ní ń mú aṣọ tọ́.