Ẹsẹ̀ Àlejò Nínú Oko Ataare

Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: àwọn baba wa tí ó pa òwe yìí mọ ohun tí ojú àlejò máa ń ṣe nínú oko. Ataare kì í so sókè bí ọsàn. Ìdí ewé, lẹ́bàá ilẹ̀ níbi tí igi ńlá ti ṣíji bò ó, ni orí ataare pupa ń fara pamọ́ sí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gbójú sókè tí ó ń wá èso yóò ti fi bàtà fọ́ ọ kí ó tó bèèrè ibi tí ó wà. Iyèré ẹ̀wẹ̀, ìtàkùn tí ń gun igi ni. Àjèjì tí ó bá yọ àdá yóò bẹ́ ẹ lulẹ̀ bí ẹni tí ń ṣán igbó, láìmọ̀ pé ọbẹ̀ ìyá ìkókó ni òun ń dà nù.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ní ilẹ̀ Ìlá Ọ̀ràngún, ilé Àjàgùnńlá ọmọ Odùduwà, àti ní Òkè-Ìlá pẹ̀lú Òrà, tí gbogbo wọn jẹ́ Ìgbómìnà, ohùn ni à ń kọ́ rán wọ oko kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Láti ojú ọ̀nà ni ọmọlúàbí yóò ti kígbe pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, àroko bọ́dún dé o!" Bí ó bá jẹ́ adẹ́mu ni ó wà lórí ọ̀pẹ, "Igbà á rọ̀ o!" ni yóò wí, yóò sì dúró títí a ó fi dá a lóhùn pé, "Àṣẹ." Ìdúró yìí kì í ṣe àṣejù, nítorí tàkúté tí a dẹ fún òkété kò mọ ojú àlejò, olóko nìkan ni ó sì mọ ibi tí ó dẹ ẹ́ sí. Bí olóko bá wá yọjú, òun ni yóò ṣíwájú, àlejò a sì máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ akọ̀wé.

Ohun tí ó tún gbẹgẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ ni ọwọ́. Bí àlejò bá rí ìkaraun ìgbín tàbí àkísà pupa tí a so rọ̀ mọ́ igi, ààlè ni. Olóko ti sọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Èmi gbà pé níbi tí kò sí ààlè pàápàá, kò yẹ kí ọwọ́ àlejò já ohunkóhun. Àwọn àgbà a máa fojú fo èrò tí ebi mú, tí ó jẹun nínú oko olóko láìdi ẹrù lọ, ṣùgbọ́n ta ni ebi ataare ń pa? Lóòótọ́ ni pé ataare kì í di ọmọ tirẹ̀ láàbọ̀, síbẹ̀ olóko ti mọ orí tí a ó fi sọ ọmọ lórúkọ àti èyí tí oníṣègùn ti bẹ̀ ẹ́ fún. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ọ̀kan, kí ó bu hóró díẹ̀ lé àlejò ní àtẹ́lẹwọ́, èyí ni ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó rà á.

Àlejò ń wọ oko níbòmíràn pẹ̀lú. Ní erékùṣù Sáńsíbà, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wo oko kànáfùrú, igi tí a ń ká ìrudi rẹ̀ kí ó tó tanná, tí a sì ń sá a sóòrùn títí yóò fi dúdú. Amọ̀nà a já ewé, a rún un, a ní kí àlejò gbóòórùn rẹ̀ kí ó sọ igi tí ó jẹ́. Ó dára bí olóko bá ń rí owó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ òórùn náà tí kò bèèrè ẹni tí ó gbìn ín, mo ní kò tíì dé oko ọ̀hún, nítorí ẹrú tí a kó wá láti òdìkejì òkun, láti inú ilẹ̀ Áfíríkà, ni ó fi òógùn roko kànáfùrú fún àwọn ọlọ́lá Lárúbáwá, títí di ọdún 1897 tí òfin fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, èrò ń lọ wo omi Àyìkúnnugbá tí ń já láti orí àpáta ní Òkè-Ìlá. Bí àwọn ọ̀dọ́ ìlú bá fẹ́ máa mú wọn yà sí oko, inú mi yóò dùn. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ lọ bá olóko nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i, kí wọ́n bá a ṣe àdéhùn, kí owó rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí àlejò tó tẹ ilẹ̀ oko, nítorí pé ní gbogbo àsìkò tí baba náà fi ń ṣàlàyé iyèré fún àlejò, koríko ń bo ebè rẹ̀.