"Interest": Orúkọ Tuntun Tí Wọ́n Fún Èlé

Lẹ́yìn ìpàdé wa kan, arákùnrin kan fà mí sẹ́yìn. Ó yá ₦100,000 ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀, ₦110,000 ni yóò sì dá padà. Kò sí "interest" nínú ìwé tí wọ́n fún un. "Owó ìṣiṣẹ́" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kì í ṣe èlé. Ṣé òótọ́ ni?"

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo kọ́kọ́ lọ wo ọ̀rọ̀ "interest" fúnra rẹ̀.

Ojú púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Bí arákùnrin bá sọ fún arábìnrin pé òun ní interest nínú rẹ̀ (ẹ ṣọ́ra o!), ọ̀rọ̀ ọkàn ló ń sọ. Bí wọ́n bá ní olóṣèlú kan ń wá interest ara rẹ̀, àǹfààní ni. Ti báǹkì wá ni èlé. Inú èdè Látìn ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, nínú interesse, tó túmọ̀ sí kí nǹkan wà láàrin, kí ó kan ènìyàn, kí ó mú ìyàtọ̀ wá. Báwo ni ohun tó wà láàrin ṣe wá di èlé?

Ní Yúróòpù àtijọ́, ìjọ Kristẹni náà ka èlé léèwọ̀. Usura ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí lílò: owó tí ènìyàn san nítorí pé ó lo owó ẹlòmíràn. Kì í ṣe èyí tó pọ̀jù nìkan; ìbáà jẹ́ kọ́bọ̀ kan, usura ni. Ṣùgbọ́n àwọn amòfin wọn ní bí ẹni tó yá owó kò bá san án lọ́jọ́ àdéhùn, tí olówó sì pàdánù nítorí rẹ̀, olówó lè gba ohun tó wà láàrin ipò tó wà àti ipò tí ì bá wà. Èyí ni wọ́n pè ní interesse. Owó gbà-má-bínú ni, kì í ṣe èrè orí owó.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ọmọ ènìyàn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí yá ènìyàn lówó lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà kúkúrú, nígbà tí àti olówó àti ẹni tó ń yá a ti mọ̀ pé kò lè rí i san láàrin ìgbà náà. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, "àdánù" bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1545, ní ayé Ọba Henry Kẹjọ, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a máa gba èlé tí kò ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n fagi lé e ní 1552, wọ́n tún dá a padà ní 1571. Nígbà tó yá, èlé tó pọ̀jù nìkan ló wá ń jẹ́ usury. Èyí tí òfin gbà, interest ni. Ààlà àárín wọn sì ni ìjọba ń sún: 8 ní 1624, 5 ní 1714, títí wọ́n fi pa òfin náà rẹ́ ní 1854.

Èdè tiwa kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ bẹ́ẹ̀. Èlé ni ohun tó lé. Ribaa ní èdè Lárúbáwá náà, inú pípọ̀ sí i ló ti wá. Àwọn baba wa tilẹ̀ ń pe olówó èlé ní sọgúndogójì. Ṣùgbọ́n kí a má yin ara wa jù. Nínú ètò ìwọ̀fà, a kì í dárúkọ èlé rárá. Ẹni tó jẹ gbèsè tàbí ọmọ rẹ̀ ni yóò máa ro oko olówó títí owó yóò fi pé, gbogbo iṣẹ́ náà kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Èlé ni, òógùn ni wọ́n fi san án.

Nígbà tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń fagi lé ribaa ní Hajj ìdágbére, èyí tí àwọn ènìyàn jẹ Abbas, àbúrò bàbá rẹ̀, ló fi bẹ̀rẹ̀. Hadiisi sì wà tó kìlọ̀ pé àwọn kan ń bọ̀ tí yóò máa mu ọtí, tí wọn yóò fún un ní orúkọ mìíràn.

Ṣé gbogbo orúkọ tuntun wá ni ẹ̀tàn? Rárá. Súrátul-Bákárà ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ribaa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè wà nínú méjèèjì. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tó tún un tà fún mi ní iye tó lé, tó jẹ́ pé òun ló pàdánù bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òwò ló ṣe. Owó ìṣiṣẹ́ náà lè jẹ́ òótọ́: akọ̀wé gbọ́dọ̀ gba owó oṣù, a gbọ́dọ̀ ra ìwé.

Nítorí náà, nígbà tí mo tún rí arákùnrin náà, mo bi í pé, "Ẹni tó yá ₦500,000 ńkọ́, èló ni owó ìṣiṣẹ́ tirẹ̀?" Ó ní ₦50,000. Mo ní, "Ṣé ìwé tirẹ̀ pọ̀ ju tìrẹ lọ ní ìlọ́po márùn-ún ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òrùlé ilé ìyá òun tó ń jò ni òun fi owó náà ṣe, àti pé òun kò mọ ibòmíràn tí òun ì bá lọ.

N kò rí èsì fún ìyẹn. Ẹgbẹ́ wa ní àpò ìrìn-àjò, a ní àpò ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n a kò ní àpò tí a ti lè yá ara wa lówó láìgba èlé. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí a ó jíròrò ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.