Ṣé Àìgbàgbọ́ Ni Kí Ènìyàn Máa Ṣọ́ Òfò?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, nígbà tí ọjà ṣía ní Èkó ń gòkè lójoojúmọ́, tí òdiwọ̀n iye gbogbo ṣía fi dé 66,371 ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, ẹni tó bá béèrè pé kí ni a ó ṣe bí ọjà bá wó, a máa dà bí ẹni tó ń fẹnu ara rẹ̀ pe òfò. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” ni wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́, ọ̀pọ̀ sì lọ yá owó báńkì kún tọwọ́ wọn. Kí ọdún náà tó parí, òdiwọ̀n ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 31,450. Ṣía wó, gbèsè ò wó.

Irú ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe ti àwọn baba wa. Àwa ọmọ Ọ̀ràngún, ọmọ Ajagunńlá tí ogbó mọ̀nà fún, tí a tẹ̀dó láti Ìlá àti Òkè-Ìlá títí dé Ọ̀rà, a mọ̀ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ní í mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ta ló gba àyànmọ́ gbọ́ ju babaláwo lọ? Síbẹ̀, òun gan-an kì í fi odù àná búra fún tòní. Bó bá ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sórí ẹní, yóò ní kí ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò di ìbò mú, owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, egungun lọ́wọ́ kejì, kí a lè mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi. Bó bá sì jẹ́ ibi, yóò tú u dé ìdí, bóyá ikú ni, àrùn ni, ìjà ni tàbí òfò. Òfò wà lára ohun tí à ń bi Ifá, kò sì sí àgbà tó pe ẹni tó bèèrè rẹ̀ ní aláìgbàgbọ́. Jósẹ́fù náà, tí Bíbélì àti Kùránì jọ jẹ́rìí sí, ọdún méje ló fi kó oúnjẹ pamọ́ de ìyàn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ṣọ́ owó olówó ní Long-Term Capital Management ní Amẹ́ríkà, tí méjì nínú wọn, Robert Merton àti Myron Scholes, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997, mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, wọ́n sì pín owó náà káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n gbèsè tí wọ́n jẹ ju ìlọ́po 25 owó wọn lọ, ọdún mélòó kan tó kọjá ni ìṣirò wọn sì gbé lé. Odù àná ni wọ́n fi búra. Nígbà tí Rọ́ṣíà kùnà láti san gbèsè rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1998, jìnnìjìnnì bo gbogbo ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà púpọ̀ wá di ọ̀kan ṣoṣo, ilé owó 14 ló sì dá bílíọ̀nù 3.6 dọ́là kí ìṣubú náà má baà ran ẹlòmíràn.

Ní tèmi, ẹni tó yáwó ra ṣía nítorí pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó wó, àṣẹ ló ń pa fún Ẹlẹ́dàá. Bó bá jẹ́ owó ara rẹ̀ nìkan, a lè fi í sílẹ̀ pẹ̀lú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó opó àti ti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ní Ìgbómìnà Ọ̀ṣun: kí ẹ tó fi owó àwùjọ ra ohunkóhun, ẹ kọ iye tí a lè pàdánù sílẹ̀, ẹ kà á sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má sì yá kọ́bọ̀ kún un.